Ohun Tí Yamna Gbà ní Sọ̀dáàkì

Ní ọjọ́ tí Yamna kọ́kọ́ fi ojú kan Jawad, orí ìkúnlẹ̀ ni ọkùnrin náà wà. Ó ti fi okùn pa igun mẹ́rin sórí ilẹ̀ níwájú àgọ́ wọn, ó ń ka ewéko tó wà láàárín okùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Yamna sọ korobá omi rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé nǹkan yín ló sọnù ni?"

Jawad gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, arábìnrin mi. Ewéko ni mo ń kà."

"Ewéko? Ṣé ẹ ti ka àwọn ènìyàn ìlú yín tán ni?"

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà débi pé iye tó ti kà sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì sọ ẹni tí òun jẹ́. Onímọ̀ nípa ojú-ọjọ́ ni, ó ń kọ́ni ní yunifásítì kan ní etí òkun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ bí ewéko ṣe ń yí padà lójú ilẹ̀ bí òjò ṣe ń dín kù tí ooru sì ń le sí i. Wọ́n ní kí ó wá bá Tayeb, àbúrò bàbá Yamna, kí ó lè rí ẹni tó mọ ewéko pápá náà ní orúkọ.

"Jawad Slimani ni orúkọ mi," ó wí.

Ẹ̀rín gbẹ lójú Yamna. Kò rí ọkùnrin yìí rí, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ náà bí ẹni mọ ojú egbò ara rẹ̀.

Òun ni orúkọ tó wà nísàlẹ̀ ìwé tó pa bàbá rẹ̀.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ọ̀dá mú gbogbo ìlà-oòrùn Mòrókò, àwọn darandaran ń retí ọkà báálì tí ìjọba máa ń pín fún ẹran wọn. Ìwé ìwádìí kan ló dé dípò ọkà. Ìwé náà wí pé sátẹ́láìtì tí ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè ti rí i pé ewé tútù ń pọ̀ sí i ní pápá ibẹ̀ lọ́dọọdún, ilẹ̀ ti ń sàn. Wọ́n darí ọkà náà gba ibòmíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi àwòrán náà han Bouziane, bàbá Yamna, wọ́n tọ́ka sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan tó tutù yọ̀yọ̀ ní gúúsù. Bouziane da ẹran rẹ̀ lọ síbẹ̀, ìrìn ọjọ́ mẹ́rin.

Hármálì ló bá níbẹ̀, ewé kíkorò tí àgùntàn tó yó kì í fi ẹnu kàn. Ṣùgbọ́n àgùntàn wọ̀nyí kò yó, kò sì sí agbára ìpadà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì kú. Bouziane padà sílé ní òun nìkan. Kò pé ogójì ọjọ́ tí òun náà fi dùbúlẹ̀ tí kò dìde mọ́.

Ní ọjọ́ tí Jawad dé yìí, Yamna bá ìyá rẹ̀, Hadda, níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun.

"Ìyá, ó ti dé. Màá bá a ṣiṣẹ́. Màá jẹ́ kí ó fẹ́ràn mi títí yóò fi wá tọrọ mi. Màá jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ àwọn àgbà wa pé ìwé òun kì í ṣe òtítọ́. Lẹ́yìn náà ni màá wá sọ fún un lójú gbogbo ayé pé n kò fẹ́ ẹ."

Hadda kò dáwọ́ dúró. "Ọmọ mi, ẹ̀san kì í bímọ."

"Kí ó má bímọ, Ìyá. Kí ó ṣáà ti jẹun yó."

Báyìí ni Yamna ṣe di ẹni tí ń tọ́ Jawad sọ́nà. Bí ó bá fa ewé kan tu, Yamna á sọ orúkọ rẹ̀, á sọ ẹran tí í jẹ ẹ́ àti oṣù tí í dára jù. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó mú un lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ gúúsù.

Inú Jawad dùn. "Wò ó bí ó ti tutù! Ohun tí mo rí láti òkè gan-an nìyí."

"Ẹ já díẹ̀, Dókítà. Ẹ jẹ ẹ́."

Jawad rún un lẹ́nu, ó tutọ́, ó fi apá nu ahọ́n.

"Ṣé ó dùn?" Yamna bi í. "Ṣé kí n bu sí i?"

"Hármálì ni." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Ṣé gbogbo rẹ̀ pátá?"

"Gbogbo rẹ̀. Ṣíìhì olóòórùn dídùn tí àgùntàn ń jẹ ti kú tán, ìdí nìyẹn tí èyí fi rí àyè. Sátẹ́láìtì yín mọ àwọ̀, kò mọ adùn. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kò lè wá fi ẹsẹ̀ yín tẹ ilẹ̀ náà kí ẹ tó kọ̀wé?"

Jawad jókòó sílẹ̀ láàárín hármálì. Egungun àgùntàn wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i, ó sì fi ọwọ́ kàn án.

Ó yẹ kí inú Yamna dùn. Àánú ló ṣe é, ó sì bínú sí ara rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Jawad kò sinmi. Ó ń ti pápá kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú okùn rẹ̀, ó ń tún gbogbo ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀ kà. Bí ó bá pẹ́, Yamna a máa wo ojú ọ̀nà. Bí ó bá dé, Yamna a ti fi búrẹ́dì tó gbóná jù pamọ́ dè é, a sì sọ ọ́ síwájú rẹ̀ bí ẹni sọ òkò.

"Olólùfẹ́ mi," Jawad wí lọ́jọ́ kan, "dákun, má pè mí ní Dókítà mọ́."

"Kí ni kí n máa pè ọ́? Aka-ewé?"

"Ìyẹn náà dára, bí ó bá ti ẹnu rẹ jáde."

Ìfẹ́ ti wọ ọkàn Yamna, ó sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ń rántí bàbá rẹ̀ lórí ẹní, ó sì ń fún ẹ̀jẹ́ rẹ̀ le.

Ní oṣù kẹjọ tí Jawad ti dé, ó mú ìyá rẹ̀ wá tọrọ Yamna. Nígbà tí wọ́n mu tíì tán, Tayeb bi Yamna léèrè ohun tó máa gbà ní sọ̀dáàkì, ẹ̀bùn tí ọkọ ń fún ìyàwó.

"N kò gba wúrà," Yamna wí. "Kí ó kọ ọ́ pé ìwé òun ti ọdún ọ̀dá kò tọ́, kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, kí ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí ti àkọ́kọ́ dé, kí ó sì wá kà á níwájú ìgbìmọ̀ wa."

Ìyá Jawad fò dìde. "Ṣé ìyàwó la wá fẹ́ níbí, àbí adájọ́? Ọmọ mi, gbé bàtà rẹ, jẹ́ ká lọ! Wọn yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ!"

"Ẹ jókòó, Ìyá mi," Jawad wí. "Mo gbà."

Wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí ìwádìí tó ti fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe, wọ́n sì fi ẹni tó kọ́ níṣẹ́ rọ́pò rẹ̀.

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ péjọ láti ti pápá pa, kí koríko lè sinmi títí ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i, ni Jawad dé pẹ̀lú ìwé náà. Ó dúró láàárín àwọn àgbà, ó kà á. Ó ní, "Mo wo àwọ̀ ewé, n kò wo irú ewé. Mo pe ilẹ̀ tó ń kú ní ilẹ̀ tó ń sàn. Èmi ni mo ṣìnà, ẹ̀rọ kọ́." Ó ka orúkọ Bouziane. Àwọn àgbà kan bo ojú wọn.

Yamna dìde. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ tó ti ń kọ́ ahọ́n rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi kọ̀ ọ́.

Jawad ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Sọ ọ́, Yamna. Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ ti sọ ẹ̀jẹ́ rẹ fún mi lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ rẹ."

Yamna sún mọ́ ọn. "O mọ̀, o sì kọ ọ́? O pàdánù iṣẹ́ rẹ?"

"Bàbá rẹ ni mo jẹ ní gbèsè ìwé yìí, kì í ṣe ìwọ. Bí o bá ní o kò fẹ́ mi, màá lọ, ìwé náà kò ní yí padà."

Yamna wá ìbínú tó fi pamọ́ fún un. Ó wà níbẹ̀, gbígbóná, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ó fẹ́ sọ ọ́ sí mọ́.

"N kò tíì dárí jì ọ́," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Ó lè pẹ́."

"Màá dúró."

"Níbo lo máa dúró sí? Ṣé o ṣì ní iṣẹ́ ni?"

Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Tayeb fi ọ̀pá gún ilẹ̀. "Yamna, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Orúnkún ń ro àwọn àgbà!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Tayeb." Omi ti dé ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó yíjú sí Jawad. "Mú ìwé náà dání, jẹ́ ká lọ sí ibojì bàbá mi. O máa tún un kà níbẹ̀. Kí o sì pariwo o, etí rẹ̀ ti wúwo kí ó tó kú."