Ìbalẹ̀ Irinwó Tí Kò Kọ Sílẹ̀

"Ibí yìí, fi í sílẹ̀ lófìfo," ni Dídán wí. Ó fi ìka tẹ fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ olólùfẹ́ ló ń fọwọ́ kàn.

Orí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé ńlá tí wọ́n ń kó bàlúù sí ni àwọn méjèèjì jókòó sí. Gbogbo ẹgbẹ́ awakọ̀ òfuurufú tí wọ́n wà ló ń pe ọmọbìnrin tí Dídán ń fẹ́ yìí ní Ẹyẹ, torí pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá péré ni nígbà tó kọ́kọ́ dá fò. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni báyìí. Ó wo àyè tí Dídán nàka sí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Kọ iye ìgbà tí o ti gbé ọkọ̀ bà sílẹ̀, àti irú ọkọ̀ tí o fi ṣe é."

"Ìbalẹ̀ tí mo fi gílídà ṣe ńkọ́?" ni Ẹyẹ béèrè.

"Gílídà kẹ̀? Obìnrin tó ń bọ̀ wá dán wa wò ò fẹ́ rí ọmọ gílídà sójú. Ó ní eré ọmọdé ni, pé ẹni tí ò bá ti mọ ẹ́ńjìnnì ò tíì mọ nǹkan kan."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ṣé mo lè purọ́ fún ìwọ náà ni? Èmi gan-an ò ní kọ tèmi. Jẹ́ ká jọ ṣe é, Ẹyẹ mi."

Bí Dídán bá pè é ní "Ẹyẹ mi", ọkàn rẹ̀ a máa yọ́ bí òrí tó rí oòrùn. Àyè kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ fẹ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn lọ́dún náà, Ẹyẹ sì ti ń lá àlá rẹ̀ láti kékeré. Síbẹ̀, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ "N kò fi ohunkóhun pamọ́" sí, ó buwọ́ lù ú.

Bàbá rẹ̀ ni olùkọ́ gílídà nínú ẹgbẹ́ náà. Gílídà ò ní ẹ́ńjìnnì. Okùn ni wọ́n fi ń fà á lọ sókè, bí okùn bá ti já bọ́, ó di ìwọ àti afẹ́fẹ́. Bí o bá ń bọ̀ wálẹ̀ tí o ṣì í ṣe, kò sí agbára tí wàá fi gbéra padà lọ tún un ṣe. Irinwó ìgbà ó lé méjìlá ni Ẹyẹ ti gbé e bà sílẹ̀, bàbá rẹ̀ sì buwọ́ lu ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé rẹ̀.

"Ṣé o ti kọ fọ́ọ̀mù yẹn tán?" ni bàbá béèrè nídìí oúnjẹ.

"Mo ti kọ ọ́, Bàbá."

"O ka ìbalẹ̀ ẹ pé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ẹyẹ bu òkèlè míràn.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò pé, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n ń pè ní Olórí-kunkun ni wọ́n gbé jáde. Táyà méjì ló ní níwájú, kékeré kan sì wà lábẹ́ ìrù. Bó bá wà nílẹ̀, imú rẹ̀ máa ń kọjú sókè débi pé awakọ̀ kì í rí iwájú, bó bá sì ti kan ilẹ̀, ìrù a fẹ́ ṣáájú orí. Àwọn àgbà awakọ̀ pàápàá ti gbé e wọ koríko rí.

Dídán ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Nígbà tó ń balẹ̀, ọkọ̀ náà ta sókè lẹ́ẹ̀mẹta bí ọ̀pọ̀lọ́, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀gá obìnrin tó ń dán wọn wò ló bá a gbá a mú.

"Wèrè ń bẹ nínú ọkọ̀ yẹn," ni Dídán wí nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ń nu òógùn.

Ó kan Ẹyẹ. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, ọ̀gá náà fa agbára ẹ́ńjìnnì wálẹ̀ pátápátá. "Ká ní ó ti kú. Gbé wa délẹ̀."

Ní ti Ẹyẹ, ńṣe ló dà bí ìgbà tó délé. Ó rí i pé àwọn ti ga jù, ó tẹ apá òsì sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ pẹ́dà tó ń darí ìrù, ọkọ̀ náà sì yọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tọ́ ọ, ó kan ilẹ̀. Kí ìrù tó ronú àtiyà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá a padà. Wọ́n dúró ṣinṣin.

Ọ̀gá yọ ẹ̀rọ agbọ́hùn kúrò létí. "Ta ló kọ́ ẹsẹ̀ ẹ?"

"Mo kàn ṣe é ni, mà."

"Ẹsẹ̀ kì í dédé mọ irú ẹ̀. Ó jọ ti àwọn ọmọ gílídà. Àwọn gan-an ni mo máa ń wá fún ọkọ̀ yìí. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó máa gbà wọ́n, torí náà ẹsẹ̀ wọn kì í sùn. Ọmọkùnrin tó ṣáájú ẹ yẹn kọ ìbalẹ̀ gílídà mọ́kànlélọ́gbọ̀n sínú fọ́ọ̀mù ẹ̀. Tìẹ ló ṣófo."

Ẹyẹ yíjú sí i. "Ó kọ ọ́, mà?"

"Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyẹn, kedere."

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹyẹ la ẹnu rẹ̀. "Irinwó ó lé méjìlá ni tèmi, mà. Mo fi pamọ́ ni."

Ọ̀gá pa ẹ́ńjìnnì. "N ò tíì rí ẹni tó gbé e balẹ̀ báyìí lọ́dún yìí," ló wí. "Àmọ́ o buwọ́ lù ú pé o ò fi nǹkan kan pamọ́. Níbi iṣẹ́ wa, ohun tí awakọ̀ bá kọ ni ẹlòmíràn á gbẹ́kẹ̀ lé wọ ọkọ̀. Ẹni tó fi ire pamọ́ lónìí, kí ló máa jẹ́ kí n gbà pé kò ní fi àléébù pamọ́ lọ́la? Padà wá lẹ́ẹ̀míì, lọ́dún tó ń bọ̀."

Bí àyè náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ Dídán nìyẹn.

Nídìí ẹ̀rọ omi ni Ẹyẹ ti bá a, níbi tó ti ń bọ́jú.

"O ní o ò ní kọ tìẹ."

"Mo yí ọkàn padà ni."

"O ò sì sọ fún mi."

Kò gbójú sókè. "Irinwó lo ní, ọgbọ̀n ni mo ní. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ìfẹ́ ni ìfẹ́, Ẹyẹ mi, àmọ́ àyè kan ṣoṣo ló wà." Ó na ọwọ́ tútù sí i. Ẹyẹ kó ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn.

Bàbá rẹ̀ ń ká okùn ní etí pápá nígbà tó débẹ̀. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, omijé ń bọ́ sí i láyà. "Bàbá, Dídán dà mí."

"Ó dà ẹ́ lóòótọ́," ni bàbá wí, kò dáwọ́ dúró. "Èmi ńkọ́? Ta ló dà mí?"

Ìgbà yẹn ló yé Ẹyẹ pé kì í ṣe orúkọ gílídà nìkan lòun pa rẹ́. Ìbuwọ́lùwé bàbá òun pẹ̀lú ni, ní irinwó ìgbà ó lé méjìlá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Bàbá."

Bàbá fa okùn náà mọ́ra. "Lọ́dún tó ń bọ̀, wàá kọ gbogbo ẹ̀. Títí kan ti òní." Ó ju ìdí okùn sí i. "Di ibẹ̀ yẹn mú."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọkàn yín rọ̀ bí ti Ẹyẹ, ẹ fetí sí èyí: olùfẹ́ tó bá ní kí ẹ fi ohun tí ẹ mọ̀ pamọ́, ohun tí ẹ mọ̀ yẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Òun ló ń tanni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni la fi ń buwọ́ lu irọ́.