Àpá Ẹ̀yìn Obìnrin Inú Àwòrán

Ìgbà mẹ́ta ni ayàwòrán náà ti fi ọ̀dà bo àpá tó wà lẹ́yìn obìnrin inú àwòrán rẹ̀, ìgbà mẹ́ta náà ni àpá ọ̀hún tún yọ padà. Kì í ṣe òun ló yà á. Ó kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan ni, ó bá a níbẹ̀ lábẹ́ èjìká òsì, ó rí pẹlẹbẹ, etí rẹ̀ ká kò bí ewé tí iná jó. Nígbà tó sú u, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe gbé e lọ sí àfihàn. Obìnrin márùn-ún ló kó iṣẹ́ wá, ara obìnrin sì ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀kan fi amọ̀ mọ ọmú kan ṣoṣo, torí dókítà ti gé èkejì tirẹ̀. Òmíràn fi aṣọ àlòkù rán ikùn aboyún mẹ́sàn-án, oṣù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìṣíde, èrò kún gbọ̀ngàn náà dẹ́nu.

Obìnrin kan ṣoṣo ni kò rìn káàkiri. Iwájú àwòrán náà ló dúró sí láìwọ bàtà, nínú aṣọ aláwọ̀ ewé tí bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ kan ti já. Bí ayàwòrán ṣe sún mọ́ ọn, atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i lọ́rùn.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ó wù yín?"

"O yà á dáadáa." Ohùn obìnrin náà lọ sílẹ̀. "Kí ló dé tí o fẹ́ pa àpá náà rẹ́?"

Ayàwòrán wò ó lójú. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kò dùn mí mọ́. Ó ti pẹ́ tí kò ti dùn mí mọ́."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ayàwòrán, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ òun gbóná. Lẹ́yìn náà, ó yà sí yàrá kékeré tí wọ́n ń kó àpótí òfìfo sí.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyá ayàwòrán wọlé, ẹni tó tọ́ ọ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú sórí ìkúnlẹ̀, òun ni ayàwòrán ń pè ní Màmá. Ó rí àwòrán náà, báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Sọ kí ni, Màmá?"

"Àpá yìí. Èmi ni mo da omi gbígbóná lé ìyá rẹ lẹ́yìn nígbà tí a wà ní kékeré. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ, ó sì ní òun fúnra òun ló ṣubú lu ìkòkò. Títí tó fi kú, mi ò tọrọ àforíjì."

Ayàwòrán jíṣẹ́ tí obìnrin náà rán an. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Aṣọ wo ló wọ̀?"

"Aláwọ̀ ewé. Bọ́tìnnì kan ti já níbẹ̀."

"Mo wá bọ́tìnnì yẹn títí kí a tó sin ín." Màmá nu ojú rẹ̀. "Níbo ló gbà?"

Ayàwòrán nawọ́ sí yàrá náà. Yàrá yẹn kò ní fèrèsé, kò sì ní ilẹ̀kùn mìíràn. Màmá tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe, ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ẹkún ni ayàwòrán kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tó yá, ó di ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ló di ẹ̀rín, ẹ̀rín ọmọbìnrin kékeré méjì tí wọ́n ní kí wọ́n lọ sùn tí wọn ò gbọ́.

Òṣìṣẹ́ kan fẹ́ wọlé lọ gbé àpótí.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ayàwòrán wí, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, "ẹ fún wọn láyè díẹ̀ sí i."