Ìṣẹ́jú Àáyá Méje

Àwa mọ́kàndínlọ́gbọ̀n la wà nínú yàrá náà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Mi ò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Ibi tí mi ò bá ti mọ̀, màá sọ pé mi ò mọ̀.

Bí nǹkan ṣe ń rìn, àti agbára tó ń gbé e rìn, ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́jọ́ náà. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni. Mo fi okùn so irin rìbìtì kan, kílò mẹ́jọ, mọ́ igi àjà. Ẹnì kan máa fẹ̀yìn ti ògiri, á gbé irin náà kan àgbọ̀n ara rẹ̀, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Irin á lọ, á bọ̀, kò ní kàn án. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á máa wo aago, á máa kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí àlọ àti àbọ̀ kọ̀ọ̀kan gbà sílẹ̀.

"Agbára tí ẹ bá fún un ló máa gbé bọ̀," mo wí fún wọn. "Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ ni o. Ẹ má tì í."

Mo bi wọ́n pé ta ló máa dúró. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kí Dúró-ná jáde, òun ló mọ ìdúró í ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Dúró-ná ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin kan tí kò lè dá títì sọdá. Lọ́dún tó kọjá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, fa ọwọ́ yọ lọ́wọ́ rẹ̀ létí títì, ọkọ̀ sì gbá a pa. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá ń sáré bọ̀ ń mú un gbọ̀n. Àǹtí rẹ̀ ló ń fà á lọ́wọ́ wá, tó ń fà á lọ́wọ́ lọ. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni àǹtí náà sọ fún mi pé ọ̀gá òun ti ní bí òun bá tún pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kí òun má wá mọ́. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọmọ á jókòó sílé.

Mo fẹ́ sọ pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó ti dìde.

Ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó gbé irin kan àgbọ̀n. Mo wà lódìkejì yàrá, lẹ́bàá fèrèsé. Ẹni tó ń wo aago mú bírò. Ọmọ náà kò jọ̀wọ́ irin náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í, bí èèyàn ṣe ń ti ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Mo sáré. Mo mọ̀ pé mi ò ní bá a.

Irin náà dé ọ̀dọ̀ mi, ó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó yí padà. Okùn ń dún kín-ín-kín-ín. Lẹ́yìn náà, kò dún mọ́.

Irin náà ti dúró. Ó ku ìbú ìka kan kó dé àgbọ̀n rẹ̀. Okùn dagun lófuurufú, ó le tantan.

Ọmọ náà wo ẹ̀gbẹ́ irin náà, nísàlẹ̀, níbi tí orí ọmọ kékeré máa ń mọ.

"Ó ti tó," ó wí jẹ́jẹ́. "Fi sílẹ̀."

Irin náà lọ.

Ẹni tó ń wo aago ti kọ ọ́ sílẹ̀: méje, mẹ́ta, mẹ́ta. Mi ò pa méje yẹn rẹ́. Mo gun àga, mo yẹ okùn wò, mo yẹ ìkọ́ wò. Mi ò rí nǹkan kan.

Mo bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Tíṣà," ó ní, "mo rò pé ẹ rí i ni."

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ jáde, àǹtí rẹ̀ wà lódìkejì títì, ó fẹ́ sọdá wá mú un. Ọmọ náà juwọ́ sí i pé kó dúró ná. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó sọdá. Kò sáré, ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọdé ló ń gbé. Ọwọ́ òsì rẹ̀ nà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ìka rẹ̀ ká, bí ẹni tó di ọwọ́ ọmọ kékeré mú.