Ẹni Tó Dúró De Afẹ́fẹ́

Ọjọ́ tí Àṣìkẹ́ kọ́kọ́ rí Olútáyọ̀, ẹsẹ̀ Olútáyọ̀ kò sí nílẹ̀.

Ojú ọ̀run ló wà. Ọ̀sán gangan ni, ní etí òkun kan tó wà lẹ́yìn Kútọnù. Òkun ń hó, iyanrìn ń tàn yòò bí iyọ̀. Àṣìkẹ́ gbójú sókè, ó rí aṣọ ńlá kan tó tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùpá ọjọ́ kẹta, ìdajì rẹ̀ pupa, ìdajì jẹ́ àwọ̀ ewé. Nísàlẹ̀ aṣọ náà, ní ìparí okùn mẹ́rin tó tín-ín-rín bí okùn ìpẹja, ọkùnrin kan rọ̀ dirodiro, pátákó pẹlẹbẹ kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Ó ga ju igi àgbọn lọ. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó yí po lẹ́ẹ̀kejì, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sórí omi wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí lékèélékèé bà lé ẹ̀yìn màlúù.

"Mo gbé o!" Àṣìkẹ́ di apá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. "Mùínátù, ènìyàn nìyẹn?"

"Oníbàárà ẹ nìyẹn," Mùínátù dáhùn. "Panu dé, kí iyanrìn má wọ̀ ọ́ lẹ́nu."

Mùínátù yìí, aṣọ ló ń tà. Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kó má gba Ìdí-Ìrókò lọ sí Kútọnù kó tún bọ̀. Òun ló mú iṣẹ́ wá bá Àṣìkẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìlaròó. Ó ní àwọn ènìyàn láti gbogbo ayé ń péjọ sí etí òkun láti bá afẹ́fẹ́ ṣeré, ọmọ wa kan láti Ìhùnbọ̀ sì wà lára wọn, tó ń wá télọ̀ tó mọ fúwáálì rán. Tirẹ̀ ti ya, ó sì fẹ́ lò ó ní ọ̀tunla.

Kò sí télọ̀ ibodè tí kò mọ fúwáálì. Orúkọ tí àwọn ará Kútọnù àti Àjàṣẹ́ ń pe aṣọ ìbòjú ìyàwó nìyẹn. Tí ẹ bá sì wá dé orí aṣọ ìbòjú, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, ọwọ́ Àṣìkẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Àánú ìyàwó tí aṣọ rẹ̀ ya ṣe é. Ó di nẹ́ẹ̀tì funfun, ó di ìlẹ̀kẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ rẹ̀ sórí itan nínú ọkọ̀, ó di Kútọnù.

Ọkùnrin ojú ọ̀run ti jáde nínú omi báyìí, ó ń sáré bọ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, àǹtí télọ̀. Ẹ mà ṣeun tí ẹ wá o."

"A dúpẹ́. Ìyàwó dà?"

"Ìyàwó wo?"

"Ìyàwó tó fẹ́ lo fúwáálì."

Olútáyọ̀ wò ó. Ó wo nẹ́ẹ̀tì, ó wo ìlẹ̀kẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé e lulẹ̀ sórí iyanrìn. Nígbà tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ṣàlàyé pé fúwáálì méjì ló wà lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Ọ̀kan ń bo ojú ìyàwó, èkejì ń gba afẹ́fẹ́. Ó fa aṣọ kan jáde nínú àpò, funfun, ó fẹ̀ ju òrùlé ṣọ́ọ̀bù Àṣìkẹ́ lọ, ó sì ya ní àárín tó ìwọ̀n apá ènìyàn.

"Ẹ̀rín lẹ̀ ń rín," Àṣìkẹ́ sọ, ojú rẹ̀ le. "Gbogbo aṣọ́bodè tó wà lójú ọ̀nà ló tú ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó yìí wò."

"Ẹ má bínú. Ẹ má kó o dànù ṣá o. Bí ìyàwó bá yọjú, a óo lò ó."

Mùínátù bú sẹ́rìn-ín. Àṣìkẹ́ kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti fọwọ́ kan aṣọ náà. Ó fẹ́lẹ́, ó ń yọ̀, ó sì lágídí. Ó fi abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀kan, ó fà á, ó rí i pé ojú abẹ́rẹ́ gan-an ni yóò tún ti ya. Irú èyí kò ṣàjèjì sí i. Nẹ́ẹ̀tì ìyàwó náà kì í fẹ́ kí wọ́n fún òun mọ́lẹ̀. Ó lẹ aṣọ síwá, ó lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó sì rán an ní wọ́gọwọ̀gọ, kí okùn kan ṣoṣo má baà dá ru ẹrù afẹ́fẹ́.

Olútáyọ̀ ló ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ fún un lábẹ́ igi àgbọn. Bó ti ń yí i ló ń sọ ìtàn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti wá ṣiṣẹ́ ní etí òkun yìí, tó ń tún pátákó ṣe fún àwọn àlejò, kó tó kọ́ eré náà. Ní báyìí òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ni. Ó ti bá wọn díje ní Kéépù Fẹ́dì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé eruku aṣálẹ̀ gba orí òkun wá. Ó ti dé Tarífà ní Sípéènì, tí òkun méjì ti pàdé, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì le débi pé àgbàlagbà ń di òpó mú kó tó lè sọdá títì. Ó ti dé Sànsíbà, ó ti dé Bùràsíìlì. Kò síbi tó dé tí wọn kì í péjọ bí ẹbí, tí wọn kì í gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Tí afẹ́fẹ́ ò bá wá fẹ́ ńkọ́?" Àṣìkẹ́ bi í.

"A óo dúró títí yóò fi fẹ́."

"Tí kò bá fẹ́ rárá?"

Olútáyọ̀ dá ọwọ́ ẹ̀rọ dúró. "Àǹtí télọ̀, ṣé afẹ́fẹ́ la ṣì ń sọ?"

Ìgbà yẹn ni Àṣìkẹ́ tó rẹ́rìn-ín.

Aṣọ náà kò ya ní ọjọ́ ìdíje. Láti ọjọ́ náà ni Olútáyọ̀ ti ń wá sí Ìlaròó ní ọjọ́ ìsinmi. Tó bá sì rìnrìn àjò, yóò na fóònù rẹ̀ sókè ní etí òkun, yóò gba ohùn afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́. Àṣìkẹ́ á gbé fóònù sétí nínú ṣọ́ọ̀bù, á gbọ́ fììì, á gbọ́ fúúú, ní ìparí rẹ̀ á wá gbọ́ ohùn kan pé: "Àṣìkẹ́ mi, afẹ́fẹ́ ibí ń fẹ́. Èmi náà ń fẹ́."

"Kí ni ọkùnrin ẹ ń sọ lónìí?" Mùínátù á béèrè.

"Kò sọ nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ ni."

"Afẹ́fẹ́ ló sì mú ọ gbàgbé sísọ́ọ̀sì nínú aṣọ, tó o rán apá mọ́ ọrùn."

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ dùn, ó ku ti ilé. Bàbá Àṣìkẹ́, Bàbá Ọdẹkúnlé, àgbẹ̀ ni ní Àfọ̀n. Ọjọ́ tí Olútáyọ̀ àti Àṣìkẹ́ lọ kí i, ẹ̀wà ló ń fẹ́ lọ́wọ́ ní àgbàlá. Ó gbé atẹ sókè, ẹ̀wà ń ya sílẹ̀, èèpo ń fò lọ. Kò dá iṣẹ́ dúró títí wọ́n fi sọ tẹnu wọn tán.

"Mo gbọ́," ó sọ. "Mo ní àbúrò kan. Àbíkú ni, nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹrin ni wọ́n sọ ọ́ ní Málọmọ́. Ó dúró, ó dàgbà, inú wa dùn. Ní ọjọ́ kan ó ní òkun ń pe òun, ó bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gàbọ̀n. A ní má lọ mọ́, ó lọ. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé." Ó da èèpo nù. "Ẹni tí afẹ́fẹ́ ń gbé kò ní ilé. Mi ò ní gbé ọwọ́ lé ọmọ mi lórí láti fi í fún ẹni tó ń lọ."

Wọ́n kúrò níbẹ̀, ó di Ọjà-Ọ̀dàn.

"Mi ò lè lọ ilé ọkọ láìsí ìre bàbá mi," Àṣìkẹ́ sọ nígbẹ̀yìn.

"Mi ò sì ní í mú ọ lọ láìsí i."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"A óo dúró," Olútáyọ̀ sọ, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fi dúró. Olútáyọ̀ kò bẹ ẹnikẹ́ni sí bàbá, kò sì fi ìbínú lọ. Nígbà tí ìpéjọ etí òkun tún kù sí dẹ̀dẹ̀, Àṣìkẹ́ lọ kúnlẹ̀ ní Àfọ̀n.

"Bàbá mi, ohun tí ẹ kọ̀, ẹ ò tíì fojú rí i. Ẹ bá mi lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá rí i tán tí ẹ ṣì kọ̀, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ létí yín mọ́ láéláé."

Bàbá wò ó. "Láéláé?"

"Láéláé, bàbá."

Báyìí ni Bàbá Ọdẹkúnlé ṣe bá Àṣìkẹ́ àti Mùínátù wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọnù. Nígbà tó dé orí òkìtì iyanrìn tó ṣíjú wo òkun, ó ṣí fìlà rẹ̀. Aṣọ tó lé ní ogójì ló wà lójú ọ̀run, pupa, yẹ́lò, dúdú, funfun, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń gba ara wọn kọjá láìfara kanra. Èèbó wà níbẹ̀, Lárúbáwá wà níbẹ̀, àwọn obìnrin wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gun orí ìgbì bí ẹni gun ẹṣin. Gbogbo ayé dákẹ́ sínú ariwo afẹ́fẹ́.

"Olódùmarè o," bàbá sọ jẹ́jẹ́. "Èmi tí mo ti ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ láti kékeré. Mi ò mọ̀ pé ó lè ru ènìyàn."

Ó jókòó sórí iyanrìn, ó ń wò wọ́n títí ìpele àṣekágbá fi dé. Ọkùnrin mẹ́rin ló kù, ẹni tó bá fò ga jù ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló borí. Aṣọ funfun tí Àṣìkẹ́ rán ni Olútáyọ̀ mú. Wọ́n gbé àsíá sókè, àwọn mẹ́ta sáré wọ omi.

Olútáyọ̀ kò lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn gbígbẹ, ó da á sókè, ó ń wò ó bó ti ń ṣubú.

"Alé! Alé!" ẹni tó bá a di aṣọ mú ń pariwo fún un kó lọ. Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń súfèé. Ìṣẹ́jú ń lọ. Àṣìkẹ́ mọ ohun tí òun ti fi ẹnu ara òun sọ ní Àfọ̀n. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀.

Bàbá ti dìde dúró. Kò wo òkun mọ́, iyanrìn tó ń ṣubú ló ń wò. Ìdajì rẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, ìdajì lọ sápá òsì. Àgbẹ̀ tó ń fẹ́ ẹ̀wà mọ̀ ọ́n: afẹ́fẹ́ ẹlẹ́nu méjì, tó máa ń da èèpo padà sínú atẹ.

"Má lọ," bàbá ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Má lọ... má lọ mọ́."

Kò sí bí Olútáyọ̀ ṣe lè gbọ́ ọ láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lọ.

Lójijì ni afẹ́fẹ́ ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Aṣọ àwọn mẹ́ta tó wà lójú omi rọ̀, wọ́n já lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ewé ògẹ̀dẹ̀ tí iná rà, ọkọ̀ ojú omi sì sáré lọ kó àwọn tó ni wọ́n. Olútáyọ̀ tún bu iyanrìn. Ó tún bù ú. Lẹ́ẹ̀kẹta, iyanrìn fò lọ gbọọrọ, ó gba ojú kan náà.

Nígbà náà ló lọ. Ààyè fífò kan péré ló kù fún un. Ó gun ìgbì kan, òkun sì jù ú sílẹ̀ fún ọ̀run. Ó lọ sókè, ó lọ sókè, títí ó fi dà bí ẹyẹ kan lábẹ́ aṣọ funfun, oòrùn sì là á já débi pé Àṣìkẹ́ rí ojú ìránṣọ rẹ̀ láti ilẹ̀, wọ́gọwọ̀gọ, bí mànàmáná kékeré. Kò ya. Bàbá di ọwọ́ Àṣìkẹ́ mú, kò sì mọ̀ pé òun dì í mú.

Ipò kejì ni Olútáyọ̀ gbà; ará Bùràsíìlì kan ti fò ga kí afẹ́fẹ́ tó kú. Ó wá tààrà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn níwájú bàbá.

"Ta ló kọ́ ọ ní iyanrìn dídà yẹn?"

"Ìyá mi ni, bàbá. Ẹ̀wà làwọn náà ń fẹ́ ní Ìhùnbọ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè dúró de afẹ́fẹ́, èèpo ni yóò jẹ."

Bàbá mi orí. "Àwọn èrò pariwo lé ọ lórí."

"Wọ́n pariwo, bàbá."

"O ò lọ."

"Kò tíì tó àsìkò ni."

Àgbàlagbà náà nu ojú rẹ̀, ó ní iyanrìn ló kó sí i. "Tí òkun bá tún pè ọ́ lọ sí ibi jíjìn ńkọ́?"

"Màá lọ, màá sì bọ̀. Bàbá, ẹ wo okùn yìí. Àwọn kan rò pé òun ni kò jẹ́ kí aṣọ ráyè fò. Bí ẹ bá gé e, aṣọ ò ní fò lọ, jíjábọ́ ni yóò jábọ́. Àṣìkẹ́ ni okùn mi."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ẹni tó lè dúró de afẹ́fẹ́, ó lè dúró de obìnrin. Àwọn ẹbí ẹ̀ kí wọ́n máa bọ̀ ní Àfọ̀n."

Lẹ́yìn ìkórè ni ìgbéyàwó náà, ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìlaròó. Nẹ́ẹ̀tì àti ìlẹ̀kẹ̀ tó sọdá ibodè lọ́jọ́sí ni Àṣìkẹ́ fi bo ojú, ó sì fi tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ funfun ojú ọ̀run gbá etí aṣọ ìbòjú náà yí ká.

"Ẹ ní mo ṣi iṣẹ́ jẹ́," Mùínátù ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. "Ṣé ẹ wá rí i? Fúwáálì kan náà ni!"

Bí wọ́n ti jáde sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Olútáyọ̀ na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ dúró ná," bàbá sọ.

Gbogbo ènìyàn dúró. Bàbá Ọdẹkúnlé bẹ̀rẹ̀ nínú agbádá rẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ Ìlaròó, ó da á sókè, ó ń wò ó. Aṣọ ìbòjú Àṣìkẹ́ gbé sókè díẹ̀ ní èjìká rẹ̀, ó dúró síbẹ̀ bíi pé ẹnìkan di okùn rẹ̀ mú. Erùpẹ̀ náà fò lọ gbọọrọ.

Bàbá gbọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gbé wọn lé tọkọtaya lórí.

"Ó ti tó àsìkò," ó sọ. "Ẹ máa lọ."