Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Súfèé

Oyèbámijí gbé orí ọkọ̀ akẹ́rù náà sókè kí ó lè bá iṣẹ́ lọ, ó sì dúró síbẹ̀ láìmira. Epo dúdú ti gbẹ mọ́ irin tó rí nínú ọkọ̀ lára bí ọbẹ̀ tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Ẹ́ńjìnnì tí òun fọwọ́ ara òun tú palẹ̀, tí òun sì tún tò, kò rí báyìí. Wọ́n ti yọ tinú ọkọ̀ lọ, wọ́n sì ti gbé òkú ẹ́ńjìnnì rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́. Ọkọ̀ náà wá pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ni, Oyèbámijí sì ti sọ gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ kalẹ̀ kí ó tó lọ sí ìpàdé pàjáwìrì tí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì pè sí Okokomaiko lánàá. Tí gíábọ́ọ̀sì bá ti wà nílẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì ti kọjá ìdajì. Ṣéènì tí Oyèbámijí fi ń gbé ẹ́ńjìnnì gan-an ni olè náà lò. Ó ṣì ń fì dirodiro lókè. Kò sì sẹ́ni tó máa rí i. Ìpàdé ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun à ń fojú fò: gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Ìyànà Ìbà ló máa ń tì, ẹni tí kò bá sì wá yóò fojú winá.

Fáòsíátù ló ni ọkọ̀ náà. Alágbò ni, ó ń fi ọkọ̀ yìí kó àgbò láti Alábà Rágò lọ sí Abẹ́òkúta, kò sì ní òmíràn. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n jí yìí ní ìtàn láàárín òun àti Oyèbámijí, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Baba Díísù torí ẹ́ńjìnnì díísù ló ń tún ṣe. Lọ́jọ́ tí Oyèbámijí tún un ṣe, Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọjọ́ Àìkú sì ni, gbogbo ìsọ̀ Alábà ló tì. Nọ́súùlù ni irin tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Wọ́ṣà bàbà tó yẹ kó wà lábẹ́ ẹ̀kẹta ti jóná, kò sì síbi tí wọ́n ti lè rí òmíràn rà. Fáòsíátù bá tú etí ìró rẹ̀, ó mú onínì kan jáde, owó ayé òyìnbó tó ní ihò láàárín, tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kí ó tó kú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí ò lè ṣe é?"

Oyèbámijí rẹ́rìn-ín, ó fi fáìlì rẹ́ etí onínì náà, ó gbẹ́ ihò rẹ̀ fẹ̀, ó fi í sábẹ́ nọ́súùlù. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, tí irin ṣì tutù, onínì náà a máa súfèé tín-ín-rín títí ara ẹ́ńjìnnì yóò fi móoru. Nígbà tí ìsọ̀ ṣí, Oyèbámijí ní kí ó wá kí òun fi wọ́ṣà gidi sí i. Fáòsíátù kọ̀. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Ìyá mi ló ń kí mi láàárọ̀."

Obìnrin yìí kan náà ló dé sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí oòrùn ń ga, tó yọjú wo abẹ́ orí ọkọ̀ rẹ̀, tó sì di ẹlòmíràn.

"Ta lo ta ẹ́ńjìnnì mi fún?"

"Ìyá Alágbò, wọ́n jí i ni."

"Nínú ṣọ́ọ̀bù ta ni?"

"Nínú ṣọ́ọ̀bù mi."

"Ta ló wá mọ̀ ọ́n yọ tó ìwọ?"

"Ẹ̀yin" tí obìnrin yìí máa ń pe Oyèbámijí ti di "ìwọ". Fáòsíátù já gèlè, ó kọjú sí títì, ó sì ké débi pé àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ní ìsàlẹ̀ Ìyànà Ìbà yíjú padà: "Ẹ gbà mí o! Baba Díísù jí ẹ́ńjìnnì mi tà! Olè ni! Olè!"

Ta ni yóò gba mẹkáníìkì gbọ́? Kò sí onímọ́tò tí kò ní ìtàn mẹkáníìkì kan tó yọ nǹkan rere, tó fi àlòkù rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n ti Oyèbámijí mọ́lé. Nínú àtìmọ́lé, ó jókòó ti ògiri, kò bínú, kò sunkún. Ara rẹ̀ kàn kú ni.

Ṣọlágbadé ló wá dúró fún un. Akọ̀wé ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ni, alàgbà ìjọ sì ni pẹ̀lú. Ó ti fi sípánà sílẹ̀ tipẹ́, ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ló ń tà ní Okokomaiko, aṣọ funfun sì ni tirẹ̀ lójoojúmọ́. Ó rọra gbá Oyèbámijí léjìká bí wọ́n ṣe ń jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà gbà pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ jẹ́ ká bẹ Ìyá Alágbò, kí ọ̀rọ̀ náà tán nílẹ̀."

"Èmi kọ́ ni mo ṣe é."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbà yín gbọ́?"

Ó tọ̀nà. Àwọn oníbàárà wá ń fa ọkọ̀ wọn kúrò níkọ̀ọ̀kan. Àwọn apanilẹ́rìn-ín ìdíkọ̀ ní ẹni tó bá ń gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Baba Díísù kó kọ́kọ́ ka nọ́ọ̀tì inú ọkọ̀ rẹ̀. Ọmọ́bọ́lá ìyàwó Oyèbámijí gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀, ọkọ rẹ̀ jẹ ẹ́ tán láìmọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọwọ́ lé páìpù èéfín tó gbóná janjan, kò gbé e kúrò títí Ọmọ́bọ́lá, tó gbé oúnjẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù, fi pariwo. Awọ ọwọ́ rẹ̀ bó. Ó wo ojú egbò náà bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

Orúkọ rere tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ló bọ́ sọnù yẹn, kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń wá irú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Mujeeb wa ọkọ̀ akẹ́rù tirẹ̀ dé. Pákó ló ń kó láàárín Àgbádárìgì àti Okokomaiko, kò sì tíì pẹ́ ládùúgbò. 

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Wọ́n ní kí n wá yín wá."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

Mujeeb họ orí. "Àwọn ará páàkì. Wọ́n ní... ẹ má bínú, sà. Wọ́n ní olè ni yín, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín mọ díísù."

Oyèbámijí mi orí. "Kí ló ń ṣe ọkọ̀ ẹ?"

"Àárọ̀ ló máa ń ṣe é. Tó bá ti gbóná, ohun tó ń ṣe é á lọ."

"Fi sílẹ̀ di àárọ̀ nígbà náà."

Ní àárọ̀, Mujeeb yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì náà jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni ìró kan jáde láti apá ibi nọ́súùlù kẹta, tín-ín-rín, bí ẹni tó ń súfèé láàárín eyín.

Ọwọ́ Oyèbámijí dúró lórí irin. Ó tẹ́tí sí i títí tó fi dákẹ́.

"Ta ló ta ẹ́ńjìnnì yìí fún ẹ?"

"Alàgbà Ṣọlágbadé, ní Okokomaiko. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan tú u."

Oyèbámijí rọra jókòó sórí táyà. Ọjọ́ ìpàdé yẹn ló padà wá sọ́kàn rẹ̀. Ṣọlágbadé ló pe ìpàdé. Ó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òun ń lọ pàdé àlejò kan, kò sì padà títí wọ́n fi fẹ́ túká. Nígbà tó bọ Oyèbámijí lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn díísù. Láàárín àwọn mẹkáníìkì, ta ni yóò fura sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀? Òórùn gbogbo wọn ni. Oyèbámijí ti gbọ́ òórùn náà, ó sì gbàgbé pé oníṣòwò aláṣọ funfun ni òun ń bọ̀ lọ́wọ́. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Kò mú sípánà. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó mú Mujeeb dání, ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó ròyìn ìsúfèé náà fún ọ̀gá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Títílayọ̀ Àjàyí ni orúkọ obìnrin náà.

"O ti tú u?"

"Rárá, mà. N ò fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan."

"Kí ló dé?"

"Tí mo bá tú u, ẹ ó ní èmi ni mo fi ohun tó wà níbẹ̀ síbẹ̀."

Títílayọ̀ wò ó dáadáa. Ó ní kí ó jókòó síta, ó ránṣẹ́ sí Fáòsíátù, ó sì bi í ní ìkọ̀kọ̀ ní ohun tó wà lábẹ́ nọ́súùlù kẹta ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí Mujeeb tẹ Ṣọlágbadé láago.

"Alàgbà, ẹ́ńjìnnì yín ń súfèé. Mẹkáníìkì kan fẹ́ tú u."

"Má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án! Níbo lo wà?"

"Mò ń lọ kẹ́rù ní Alábà Rágò."

"Dúró dè mí níbẹ̀."

Fáòsíátù ló yan ibẹ̀, torí ọjà tó mọ̀ bí ilé ara rẹ̀ ni. Títílayọ̀ wọ aṣọ ilé, ó ń la ẹnu àgbò wò bí ẹni tó fẹ́ rà. Ọlọ́pàá méjì jókòó láàárín àwọn tó ń ta koríko. Oyèbámijí fara pamọ́ sẹ́yìn àpò èèrí.

Ṣọlágbadé dé, aṣọ rẹ̀ funfun báláú. "Ta ni mẹkáníìkì ọ̀hún?"

Mujeeb ń kólòlò. Ṣọlágbadé yí ọkọ̀ náà po, ó gbé ojú sókè, òun àti Oyèbámijí sì ṣe ojú mẹ́rin. Alàgbà ká ẹsẹ̀ aṣọ rẹ̀, ó sá.

Ọlọ́pàá kìíní fẹ́ gbá a mú, okùn àgbò gbé e ṣubú sínú ìgbẹ́. Ìkejì di aṣọ rẹ̀ mú. Aṣọ ya, Ṣọlágbadé lọ. Ó fo ẹran, ó fo ọpọ́n omi, ó dé etí títì, ó bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá kan. "Máa lọ! Máa lọ!" Kẹ̀kẹ́ ti ń yí.

Fáòsíátù fi Hausa, èdè ọjà náà, kígbe olè. "Bàráwò! Bàráwò!"

Àwọn Hausa tó ń ta àgbò, tí wọn kò tíì dá sí ariwo Yorùbá láti àárọ̀, dìde lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹnì kan tú agbo ẹran rẹ̀ sójú ọ̀nà. Àgbò kún iwájú, àgbò kún ẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ kò rí ibi kọjá. Títílayọ̀ sáré dé kí ọ̀pá àkọ́kọ́ tó balẹ̀. "Ẹ má lù ú! Mo fẹ́ kó sọ̀rọ̀!"

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n gbé ọkọ̀ Mujeeb sí àgbàlá. Ṣọlágbadé jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ti tún aṣọ rẹ̀ tó ya tò, Títílayọ̀ sì dúró níwájú rẹ̀.

"Níbo lo ti rí ẹ́ńjìnnì yìí?"

"Láti òkè òkun ni. Tòkunbọ̀."

"Ta ló pa nọ́ńbà ara ẹ̀ rẹ́?"

"Bó ṣe dé nìyẹn."

"Kí ló dé tó o fi sá?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ta ló ti tú u rí?"

"Kò sẹ́ni tó tú u rí. Bí òyìnbó ṣe tò ó ló ṣe wà. Mo lè fi Bíbélì búra."

"Ó dáa. Ìyá Alágbò, ẹ tún ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi sọ."

"Onínì ìyá mi ló wà lábẹ́ nọ́súùlù kẹta. Ojú mi ni wọ́n ṣe rẹ́ etí ẹ̀."

Ṣọlágbadé rẹ́rìn-ín. "Owó? Nínú ẹ́ńjìnnì?"

Títílayọ̀ na sípánà sí Oyèbámijí. Ó tú páìpù epo, ó tú nọ́ọ̀tì, ó fa nọ́súùlù kẹta jáde, ó ki wáyà sínú ihò náà. Nǹkan dúdú róbótó kan tẹ̀ lé wáyà jáde. Ó fi í nu ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. Ihò tí wọ́n gbẹ́ fẹ̀ wà láàárín rẹ̀, fáìlì ti jẹ etí rẹ̀, ìdajì adé òyìnbó sì ṣì hàn lára rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Ṣọlágbadé wí. "Adé òyìnbó. Ìlú wọn náà ló ti wá."

Títílayọ̀ gbé e súnmọ́ ojú. "Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ìkọ̀wé tó kù lára ẹ̀ wí, Alàgbà. Àbí mẹkáníìkì òkè òkun náà ń ná onínì?"

Ọlọ́pàá tí ìgbẹ́ àgbò ṣì wà lára rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọrùn Ṣọlágbadé rọ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun àti àwọn méjì kan ni àwọn jọ gbé e, ó sì dárúkọ wọn. Kì í ṣe ti Fáòsíátù nìkan. Ìgbàkígbà tó bá ti rí ọkọ̀ tó dára ní ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan, yóò pe ìpàdé. Àwọn onímọ́tò mìíràn tún wà káàkiri Ìbà tí wọ́n ti bá mẹkáníìkì wọn jà nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi," ló wí fún Oyèbámijí. "Èmi ni mo gbà yín sílẹ̀."

"Ìwọ lo tì mí mọ́lé," ni Oyèbámijí fèsì. Ohùn rẹ̀ kò ga, kò rẹlẹ̀. Ó yíjú sí Mujeeb tó káwọ́ lérí nítorí ẹ́ńjìnnì tó fowó rà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Òkú ẹ́ńjìnnì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, màá jí i dìde fún ẹ. Má sunkún."

Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì Fáòsíátù padà sáyè rẹ̀, òun alára tètè dé sí ṣọ́ọ̀bù. Oyèbámijí nawọ́ wọ́ṣà tuntun kan sí i pẹ̀lú onínì náà, kí ó mú ọ̀kan.

"Ẹ dá ti ìyá mi padà síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ó dá a padà, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì jí, ó sì ń súfèé. Ojú Fáòsíátù kún fún omi. Ó kúnlẹ̀ sínú ilẹ̀ elépo náà, ó sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́.

"N ò gbọ́," ni Oyèbámijí wí. "Ẹ́ńjìnnì ń dún."

"Mo ní ẹ má bínú. Mo ní ẹ̀yin kì í ṣe olè."

"N ò tíì gbọ́."

Ó lè pa ẹ́ńjìnnì náà. Kò pa á. Fáòsíátù gbójú sókè wò ó, ó sì yé e. Ó dìde, ó kọjú sí títì níbi tó dúró sí lọ́jọ́ kìíní, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu rẹ̀.

"Baba Díísù kì í ṣe olè o! Èmi Fáòsíátù ni mo parọ́ mọ́ wọn! Wọn kì í ṣe olè!"

Ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dá iṣẹ́ dúró, Ọmọ́bọ́lá náà yọjú láti inú ṣọ́ọ̀bù. Ní ìsàlẹ̀ Ìyànà Ìbà, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ yíjú padà. Oyèbámijí kẹ́yìn sí gbogbo wọn, ó gbé ọwọ́ lé ara ẹ́ńjìnnì náà bí ó ti máa ń ṣe. Ìsúfèé ti dákẹ́, irin ti gbóná.

"Yéè!" Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fẹ́ ẹ, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Ó jó mi! Ọmọ́bọ́lá, bu omi wá, ó jó mi o!"