Ṣé Ó Ń Pa Iná?

Romuald kì í mu ọtí. Kò gba ìyàwó ẹnikẹ́ni, kò sì so oògùn mọ́ ìbàdí. Bí wọ́n bá ń ka orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ ní ìlú, ta ni yóò pe tirẹ̀? Síbẹ̀, ẹ̀rín lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e dé ọ̀run àpáàdì.

Pobè ní ilẹ̀ Benin ni wọ́n ti bí i. Ìjọba gbé e wá sí Ṣábẹ̀ láti máa kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ṣe ń tọ́jú òwú. Ó kàwé, ó sì mọ̀ pé òun kàwé. Bí àwọn ará oko bá ń sọ̀rọ̀, yóò máa sín wọn jẹ níwájú wọn.

Antoine, ọmọ ìlú Boni lágbègbè ibẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, sọ fún un pé, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún yín.”

“Túmọ̀ kí ni? Ṣé Nàgó kọ́ ni gbogbo wa, Yorùbá kan náà?”

Ní ọjọ́ kan, láìmú Antoine dání, ó kó àwọn àgbẹ̀ jọ sábẹ́ igi kajú ní abúlé kan lẹ́bàá Kaboua. Ó gbé ìgò oògùn òwú sókè, ó ní kò sí kòkòrò tí kì í pa. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Ramatou dìde lẹ́yìn. Ó kí i, ó kí ará ilé rẹ̀, ó kí i kú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, “Oògùn yìí, ọ̀gá, ṣé ó ń pa iná?”

Romuald bú sẹ́rìn-ín. “Pa iná kẹ̀? Ìyá, ṣé pọmpiyé panápaná ni mo jọ lójú yín? Ẹ bu omi sí i, yóò kú!”

Bí ọ̀gá ti rẹ́rìn-ín ni gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ramatou jókòó.

Iná tí à ń dá kọ́ ni obìnrin yìí ń wí o. Iná orí ni, kòkòrò inú irun. Faransé ni Romuald fi mọ orúkọ rẹ̀, kò sì bèèrè. Ramatou délé, ó mú oògùn tí ọkọ rẹ̀ gbà fún oko, ó bu omi sí i bí ọ̀gá ti wí, ó sì fi fọ orí Chérifatou, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ náà ti kú.

Antoine ló mú ìròyìn náà wá, òun náà ló sì túmọ̀ “iná” tí Ramatou wí fún Romuald. Romuald ní òun ti gbọ́. Ó jẹun, kò mọ ohun tí òun jẹ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ọkàn rẹ̀ sì kú bí apá tí ènìyàn sùn lé.

Níkẹyìn, Antoine mú un lọ sọ́dọ̀ Ramatou.

“Ẹ kú ìrìn o, ọ̀gá,” ni obìnrin náà wí. “Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?”

Romuald ní, “Ìyá, ẹ̀rín mi ló pa ọmọ yín.”

“Mo mọ̀,” ni Ramatou wí. “Ẹ jókòó.”

Nígbà tí wọ́n ń padà, Romuald ní, “Antoine, kò dùn mí. Kí ló dé tí kò dùn mí?”

“Ọ̀gá, ọkàn yín ti kú ṣáájú ọmọ yẹn. Jésù nìkan ló ń jí òkú. Kò dúró lókè kó máa sín wa jẹ. Ó wá, ó bá àwọn apẹja jókòó, ó gbọ́ ìbéèrè wọn. Ẹ sọ fún un.”

Romuald kúnlẹ̀ sínú koríko. “Olúwa, èmi ni mo pa á. Ṣàánú mi.” Omijé kò wá, ṣùgbọ́n Jésù kì í dúró de omijé kó tó dárí jini.

Nígbà tó tún pe àwọn àgbẹ̀ jọ, orí ẹní ló jókòó sí, Antoine sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé ìgò náà sókè. “Májèlé nìyí,” ló wí. “Ẹ bi mí ní ìbéèrè.” Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, o lè má mu ọtí rí. Ta ni o fi ṣe yẹ̀yẹ́ lánàá? Ọ̀rọ̀ ta ni o kò dúró gbọ́? Má wí pé ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni, má sì wí pé ọkàn rẹ kò tíì gbóná tó láti ronú pìwà dà. Ní èdè ilé ìyá rẹ, bi Ọlọ́run pé, “Ṣé o lè gba irú èmi yìí?” Kò ní fi ohùn rẹ rẹ́rìn-ín. Yóò dá ọ lóhùn. Bi í lónìí, kí oòrùn tó wọ̀.