Ìwé Pupa àti Ìwé Búlúù

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ti ilé iṣẹ́ àpò pa?" Bàbá mi ló bi mí bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára aago tó ń tún ṣe.

"Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, sà."

"Kí ló fà á?"

"Ìwà ọ̀lẹ àwọn òṣìṣẹ́."

"O káre, ọmọ mi."

Bí a ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé wa nìyẹn. Atúnaagoṣe ni bàbá mi, igun pálọ̀ wa lẹ́bàá fèrèsé ló sì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ikọ́ fée ló lé mi kúrò nílé ìwé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Eruku ò bá èémí mi mu, dókítà sì ní kí wọ́n máa kọ́ mi nílé títí ara mi á fi le. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé.

Bàbá mi ló ń kọ́ mi ní ìtàn orílẹ̀-èdè wa. Ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ń kọ́ mi ní ìtàn àgbáyé. Ìwé pupa ni ti Bàbá, ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú. Ìwé búlúù, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ni ti Ìyá Àgbà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Bàbá ò gbà kí ìwé méjèèjì jókòó sórí tábìlì kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ó máa ń sọ pé, "Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá tú aago méjì palẹ̀ pọ̀, irin ọ̀kan á wọnú ìkejì. Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mọ ti ilé ná."

Ìwé pupa ni mo fẹ́ràn. Ọjọ́ àti oṣù ló kún inú rẹ̀: o mọ̀ ọ́n tàbí o ò mọ̀ ọ́n, kò sí àríyànjiyàn. Ti Ìyá Àgbà ò lórí, kò nídìí, lójú tèmi. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi gbá ilé ìkàwé ìjọba, bó ṣe ń gbálẹ̀ ló ń kàwé, kò sí ohun tí kò kà. Á bẹ̀rẹ̀ látorí ọba kan ní ilẹ̀ òkèèrè, á parí rẹ̀ sórí iye tí wọ́n ń ta iyọ̀. Á fi àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tọ́ka sí àwòrán ayé tó ti ya, á wá bi mí pé, "Kí ló wá kan ẹni tó wà lọ́nà jíjìn níbẹ̀?" Èmi á máa yán. N kò bi í rí ohun tó wọ́ àtàǹpàkò yẹn.

Àmọ́ mo fẹ́ padà sílé ìwé bí ẹni fẹ́ kú. Èémí mi ti dáa. Láti fèrèsé Bàbá ni mo ti ń rí àwọn ẹgbẹ́ mi nínú aṣọ ilé ìwé wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín kọjá. Ilé ìwé girama ìlú wa máa ń gba ọmọ mẹ́wàá tó kẹ́kọ̀ọ́ nílé lọ́dọọdún, ẹnu ni wọ́n sì fi ń dán wọn wò. Ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, wọn ò ní gbà á mọ́. Mo ti pé mẹ́rìndínlógún. Bí mo bá pàdánù tọdún yẹn, ó tán nìyẹn.

Bí ìdánwò ṣe ku oṣù méjì ni Mogbọ́ wá kí wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, orúkọ yìí la sì fún un nítorí kì í sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ sọ pé "mo gbọ́ pé."

"Mo gbọ́ pé ọ̀kan ni wọ́n máa ń ní kéèyàn yàn nínú ìdánwò yẹn," ó wí. "Ti orílẹ̀-èdè tàbí ti àgbáyé. Kí lo wá ń fi méjì pa ara rẹ sí? Ju ọ̀kan nù, jàre."

"Ìyá Àgbà ńkọ́?"

"Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ta ni ò mọ̀ pé àgbà nílò oorun ọ̀sán?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi bí oyin. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá Ìyá Àgbà tó ti jókòó dè mí, ìwé búlúù wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti wọ bùbá tuntun. Inú rẹ̀ dùn lọ́nà tí n kò rí rí.

"Ẹ̀kọ́ kejìdínlógún la máa kọ́ lónìí," ó wí. "Èyí tí mo ti ń mú ọ bọ̀ wá bá láti ọjọ́ yìí nìyí."

"Ìyá Àgbà, Bàbá ní kí n pa ìtàn àgbáyé tì, kí n gbájú mọ́ ti orílẹ̀-èdè wa."

"Bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò wá lè bá mi sọ ọ́ fúnra rẹ̀?"

"Ojú yín ló ń tì í."

Ó pa ìwé náà dé, ó fi ọ̀rá wé e. "Ó dáa. Òun ló ni ilé. Kí ni agbálẹ̀ mọ̀?"

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá béèrè ìdí tí Ìyá Àgbà ò fi kọ́ mi. Mo ní, "Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn, sà. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín."

"Jẹ́ kí wọ́n sinmi," ni Bàbá wí. "Má yọ wọ́n lẹ́nu."

Mo mọ̀ pé irọ́ méjèèjì ò ní pàdé. Ọ̀wọ̀ àna tó wà láàárín àwọn méjèèjì pọ̀ débi pé kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ mìíràn. "Ẹ káàárọ̀, mà." "Ẹ káàárọ̀, ọkọ ọmọ mi." Ó parí. Mo rí àlàfo yẹn, mo sì sá sínú rẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, àmọ́ lọ́jọ́ náà, ṣe ni mò ń kọrin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ìyá Àgbà di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun ọkùnrin. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Ilé téèyàn ò bá ti wúlò mọ́, àlejò ló jẹ́ níbẹ̀. Àlejò kì í pẹ́." Èmi ni mo bá a gbé báàgì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, obìnrin onígíláàsì kan ló jókòó níwájú mi. Lóòótọ́, ó ní kí n yan ìṣẹ̀lẹ̀ kan nínú ìtàn orílẹ̀-èdè wa. Mo yan ilé iṣẹ́ àpò, mo ka ọjọ́, oṣù, ọdún, iye àwọn òṣìṣẹ́. Ó mi orí.

"O gbìyànjú gan-an. Ó wá yá, kí ló ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè tó fà á tí wọ́n fi tì í?"

Ìdajì ọ̀rọ̀ ni Mogbọ́ gbọ́.

"Kò sí nǹkan kan, mà. Ìwà ọ̀lẹ ló fà á."

"Ta ló ṣe ọ̀lẹ?"

"Àwọn obìnrin tó ń rán àpò."

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ṣé o mọ ẹnì kankan nínú wọn?"

Mo mọ̀. Ìyá mi ti sọ ọ́ rí, nígbà tó ń pọnmi, pé ilé iṣẹ́ àpò ni Ìyá Àgbà ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Àmọ́ n kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìran ọ̀lẹ ni mí.

"Rárá, mà," ni mo dáhùn.

Ó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Kí n tó kúrò nínú ọgbà wọn, wọ́n ti lẹ orúkọ àwọn mẹ́wàá mọ́ ògiri. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nígbà tí mo délé, mo bá ìyá mi lórí ìdúró, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ìyá Àgbà ti ṣubú nílé ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n gbé e wá sílé wa láti ilé ìwòsàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ohùn rẹ̀ sì ti lọ. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń yí.

Inú báàgì rẹ̀ ni mo ti rí ìwé búlúù, nínú ọ̀rá rẹ̀. Mo ṣí i sí ibi tí a dúró sí.

"Ẹ̀kọ́ kejìdínlógún. Ogun kan ṣẹlẹ̀ lọ́nà jíjìn. Wọ́n dí ọ̀nà omi tí àwọn ọkọ̀ ń gbà. Okùn tí a fi ń rán àpò kò dé mọ́. Oṣù mẹ́rin la fi wà láìsí okùn. Àràárọ̀ la ṣì ń lọ, a ń gbá ilẹ̀, a ń nu ẹ̀rọ, kí wọ́n má baà ní ọ̀lẹ ni wá. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, wọ́n tì í. Igba obìnrin. Mo wà nínú wọn. Kíyè sí i: dúró níbí, kí ọmọ béèrè ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò mi."

Mo ké. Bàbá sáré wọlé. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìkúnlẹ̀, irọ́ àkọ́kọ́ àti ìkejì. Mo retí kó nà mí, kò nà mí. Ó gba ìwé náà, ó kà á, ó sì lọ mú ìwé pupa wá. Ó fi bírò fa ìlà lórí "ìwà ọ̀lẹ" títí tákàdá fi ya.

"Ọdún mẹ́ta," ó wí. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ pé ọ̀lẹ ni ìyá ìyàwó mi, nínú ilé yìí, tí wọ́n sì ń gbọ́ láti yàrá. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí." Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ìyá Àgbà ń wò ó. Bóyá ó dárí jì í, bóyá kò dárí jì í, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Lára aago ni mò ń ṣiṣẹ́ báyìí, lẹ́bàá fèrèsé, àwọn ọmọléèwé sì ń kọjá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, irọ́ tí mo rò pé ó máa gé ọ̀nà kúrú fún mi ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ìtàn ilé àti ìtàn òde, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwa la pín wọn. Bí ẹ bá sì ní àgbà nílé, ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń jókòó ti Ìyá Àgbà, màá di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, màá sì bi í pé, "Ìyá Àgbà, kí ló ṣe àtàǹpàkò yín?" Ètè rẹ̀ á mì díẹ̀. Màá dúró, màá dúró títí tí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sí ìdáhùn.